Ṣé kí n sọ fún ìnṣọ́ránsì pé inú mọ́tò là ń gbé?

Ọkọ_Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin ará ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi àti ìyàwó mi ti ta ilé, inú motorhome, mọ́tò ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná nínú, la wà báyìí, a ò ní yàrá kankan mọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Fọ́ọ̀mù ìnṣọ́ránsì tí mo ń kọ ń bi mí bóyá a máa gbé inú ẹ̀ ju oṣù 6 lọ lọ́dún. Tí mo bá ní rárá, owó ẹ̀ já wálẹ̀ gan-an. Ta ló fẹ́ wá ka iye òru tí mo sùn níbẹ̀?

Délé_Olójúọ̀nà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìsinmi lẹ fi ń lọ jàre. Ọdún kẹrin mi rèé tí mo ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan.

Àǹtí_Ṣadé: Délé, ṣé o ti béèrè kíléèmù rí, pé kí ìnṣọ́ránsì wá sanwó ohun tó bà jẹ́, láàárín ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

Délé_Olójúọ̀nà: Rárá o. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Àǹtí_Ṣadé: Ohun tí wọn ò ṣe bi ẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sanwó ni wọ́n máa ń bi èèyàn. Mo ṣe iṣẹ́ kíléèmù pẹ́ kí n tó fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń lọ. A máa bi onímọ́tò pé níbo ni mọ́tò wà lóru tí nǹkan ṣẹlẹ̀, níbo ni lẹ́tà yín ń lọ, ilé tí ẹ máa ń padà sí ńkọ́. Ibi ilé yẹn ni wọ́n ti máa ń kólòlò. Tí a bá wá wọ inú ẹ̀, fọ́tò ìgbéyàwó ni wọ́n fi skúrù kàn mọ́ ògiri, ewébẹ̀ ń hù nínú ike lójú fèrèsé, máṣíìnì ìránṣọ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta ló ń gbé máṣíìnì ìránṣọ lọ sí ìsinmi? Tí irọ́ bá ti wà nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n lè ní àwọn ò san kọ́bọ̀, wọ́n tiẹ̀ lè fagi lé ìwé yẹn bí ẹni pé o ò rà á rí.

Délé_Olójúọ̀nà: Àǹtí, mo gbọ́, àmọ́ ohun tí òfin fẹ́ ò ju kí n ní èyí tó máa san fún ẹni tí mo bá gbá lójú títì. Mo ní in. Kí ni mo tún ń wá?

Bàbá_Táyà: Ìyẹn wà fún ìgbà tí mọ́tò ń rìn o! Tó bá dúró ńkọ́? Ìyàwó aládùúgbò wa wá kí wa lálẹ́ nínú páàkì tí a háyà àyè sí fún mọ́tò wa, ìrì ti sẹ̀ sórí àtẹ̀gùn irin tó máa ń yọ síta yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀, ọrùn ọwọ́ kán. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni lọ́yà ẹ̀ kọ̀wé sí wa. Ìnṣọ́ránsì wa ní ti ìsinmi làwọn tà fún wa, pé láti oṣù kìíní la ti ń sanwó páàkì yẹn, ìsinmi wo nìyẹn? Àpò wa la fi san án tán. Ìnṣọ́ránsì ti full-timer, ìyẹn àwa tí a fi mọ́tò ṣe ilé, máa ń ní èyí tó dà bíi ti onílé, tí àlejò bá ṣèṣe lọ́dọ̀ ẹ, ó wà níbẹ̀.

Délé_Olójúọ̀nà: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Èmi kì í gba àlejò ṣá.

Àǹtí_Ṣadé: 😂 Ọjọ́ gbogbo ni ti olè o Délé.

Mojí_London: Ẹ tiẹ̀ ń gbádùn lọ́hùn-ún. Níbí, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló máa ní àwọn fẹ́ àdírẹ́sì ilé gidi, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé èèyàn ò gbọdọ̀ fi ṣe ilé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gba àwa tí a ń gbé inú ẹ̀, wíwá ni wàá máa wá wọn kiri.

Ọkọ_Àbẹ̀kẹ́: Àdírẹ́sì yẹn gan-an ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ kọ síbẹ̀?

Bàbá_Táyà: South Dakota, Texas àti Florida ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, wọn kì í gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó tó ń wọlé fúnni, àwọn tó ń gba lẹ́tà fúnni sì pọ̀ níbẹ̀. South Dakota, rìsíìtì òru kan ṣoṣo tí ẹ sùn níbẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n máa béèrè fún láísẹ́ǹsì ìwakọ̀. Àmọ́ ẹ bi ejẹ́ńtì léèrè kí ẹ tó mú ọ̀kan, torí àdírẹ́sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò owó, ìnṣọ́ránsì mọ́tò sì wọ́n ní Florida.

Àǹtí_Ṣadé: Ẹ tún wò ó bóyá iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí ni wọ́n máa san tí mọ́tò bá jóná, àbí iye tó kù lára ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ fún ẹrù inú ẹ̀, torí ti ìsinmi máa ń kéré, gbogbo ayé yín ló sì wà nínú ẹ̀. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n máa san hòtẹ́ẹ̀lì tí mọ́tò bá wọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Òrùlé tó ti ń jò díẹ̀díẹ̀, ẹ má dààmú ara yín, wọn kì í san ìyẹn.

Ọkọ_Àbẹ̀kẹ́: Àǹtí, ṣé ẹ ti yọjú wo inú mọ́tò wa ni? Ìyàwó mi ka ibi máṣíìnì ìránṣọ yẹn, ló bá ń rẹ́rìn-ín, tiẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lóòótọ́. Mo ti lọ mú bẹ́ẹ̀ ni nínú fọ́ọ̀mù. Owó yẹn dùn mí o.

Délé_Olójúọ̀nà: Èmi ò tíì gbà. Àmọ́ màá pe ejẹ́ńtì mi lọ́la, kí n kàn bi í ni.