Ẹnu ló ń dun VAR, ojú rẹ̀ ríran

Bí VAR, àwọn rẹfirí inú yàrá tó ń fi fídíò yẹ ìdájọ́ orí pápá wò, bá ti ṣìṣe báyìí, kámẹ́rà sí i la máa ń pariwo fún. Kọ̀ǹpútà sí i, ìlà tó tún tín-ín-rín ju ti àná lọ. Ó ti sú mi o. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí góòlù Luis Díaz, agbábọ́ọ̀lù Liverpool nígbà náà, torí ó jọ pé ariwo ọjọ́ yẹn la gbọ́, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Tottenham àti Liverpool, 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Òdo sí òdo ni wọ́n ṣì wà. Salah ta bọ́ọ̀lù sí Díaz, Díaz gbá a sáwọ̀n, láìnmáànì na àsíá: ọ́fúsáìdì, pé Díaz ti síwájú jù nígbà tí wọ́n ta bọ́ọ̀lù sí i. Àwọn tó wà nínú yàrá VAR dá fídíò dúró síbi tí bọ́ọ̀lù ti kúrò lẹ́sẹ̀ Salah, wọ́n fa ìlà, wọ́n sì rí i pé Díaz ò sí ní ọ́fúsáìdì rárá. Títí débí, kò sẹ́ni tó ṣìṣe nínú yàrá yẹn. Àmọ́ kíákíá ni wọ́n ń ṣe é, ọ̀gá VAR sì ti gbàgbé ohun tí wọ́n dá lórí pápá. Lọ́kàn tiẹ̀, góòlù ni rẹfirí ti fún wọn. Ló bá sọ sí rẹfirí létí pé àyẹ̀wò ti parí. Rẹfirí gbọ́ "parí", òun náà gbà pé ọ́fúsáìdì òun dúró nìyẹn. Tottenham gbá fíríkíìkì, eré ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹni tó sọ ọ́ ní góòlù lọ́kàn, ẹni tó gbọ́ ọ ní ọ́fúsáìdì lọ́kàn.

Ẹni tó kọ́kọ́ fura kì í tiẹ̀ ṣe rẹfirí. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé fídíò síwájú wọn ni. Ó bi wọ́n bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà wọ́n. Ẹlòmíì ní kí wọ́n dá eré dúró, ọ̀gá VAR ní kò sóhun tí òun lè ṣe mọ́. Ìwé òfin sì gbè é lẹ́yìn: tí eré bá ti tún bẹ̀rẹ̀, VAR ò gbọdọ̀ padà sẹ́yìn, àfi tí wọ́n bá fún ẹlòmíì ní káàdì ẹni ẹlẹ́ni, tàbí ọ̀ràn ìjà, ìtutọ́ síni lára, ìgénijẹ àti irú wọn. Kò pẹ́ sígbà náà tí Son gbá ti Tottenham wọlé, wọ́n sì borí ní 2-1. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ni wọ́n gbé ohùn inú yàrá náà jáde.

Ohun tí mo fẹ́ ò ná ẹnikẹ́ni lówó. Kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, kí VAR kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n dá lórí pápá síta: "Ọ́fúsáìdì ni wọ́n fọn, kò sí góòlù." Tó bá ṣe tán, kó má sọ pé ó parí. Kó sọ ìdájọ́ fúnra rẹ̀: "Yí i padà, góòlù ni." Kí rẹfirí tún un sọ padà: "Mo gbọ́, góòlù ni." Tí VAR ò bá tíì gbọ́ àtúnsọ yìí, kí fèrè má dún. Bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ bàálù ń ṣe: wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, á ka nọ́ńbà yẹn padà, tó bá ṣì í, wọ́n á tètè gbọ́. Lẹ́yìn ọ̀ràn Díaz, àwọn aláṣẹ rẹfirí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí VAR máa fi ohun tó fẹ́ sọ tó igbákejì rẹ̀ létí kó tó sọ ọ́ sí pápá. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nínú yàrá nìyẹn. Àárín yàrá àti pápá ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣubú.

Nínú eré kan náà, kí ọ̀ràn Díaz tó ṣẹlẹ̀, Curtis Jones ti Liverpool ti gba káàdì pupa. Káàdì ofeefee ni rẹfirí kọ́kọ́ yọ. VAR pè é wá síbi tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbẹ́ pápá, àwòrán tó dúró gbagidi ló sì kọ́kọ́ bá níbẹ̀: bàtà Jones lórí ẹsẹ̀ Bissouma ti Tottenham. Ìlànà VAR ò fi èyí pa mọ́: fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ wà fún ibi tí ẹsẹ̀ ti kanra, bí eré ṣe yára gan-an ni kí wọ́n fi wo agbára tó wà nínú rẹ̀. Àwòrán tó dúró ò ní agbára kankan nínú. Bàtà tó yọ̀ lórí bọ́ọ̀lù, tí ẹ bá dá a dúró síbi tó burú jù, ó máa jọ ìpànìyàn. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi eré náà hàn án bó ṣe yára, láti ìhà méjì, kí wọ́n tó dẹ ẹ́ wò, kí wọ́n sì tún dá a padà sí bó ṣe yára kó tó mú káàdì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀, ó ti dájọ́ tán.

Ní ti ìlà tí wọ́n ń fà láti mọ ọ́fúsáìdì, mo gbà pé ó ti ní ìṣòro. Fídíò 50 àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan: ẹni tó ń sáré mítà mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá ti rin sẹ̀ǹtímítà 16 láàárín àwòrán méjì. Tí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó ń ṣọ́ ọ bá ń sáré bọ̀ lódì kejì bẹ́ẹ̀, ó di 32. Ẹ wá ń fi ìyẹn wọn ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àmọ́ ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Qatar lọ́dún 2022, kámẹ́rà 12 lábẹ́ òrùlé ń tọpa ojú àmì 29 lára agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sì ń ránṣẹ́ ní ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ojú ti mú. (Ẹ̀yin tí ẹ ní ká pa VAR rẹ́, Wolves gbé e lọ síwájú àwọn kíláàbù Premier League ní 2024. Kíláàbù 19 ní kí VAR dúró, Wolves nìkan ló ní kó lọ. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn.)

Ohun tó kù tí mi ò rí dì mú ni òfin àìpadà-sẹ́yìn yẹn. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé kí wọ́n kàn dá eré dúró lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fún Díaz ní góòlù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní Tottenham ti gba fíríkíìkì yẹn lọ gbá wọlé lójú ẹsẹ̀ ńkọ́? Ta ló ni góòlù? Tí a bá sì ní ó di ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kọ́kọ́ jáde, ẹni tó bá fura pé wọ́n rẹ́ òun jẹ á kàn gbá a síta ni. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá? Ogún? Gbogbo ibi tí mo bá fa ààlà sí, mo máa ń rí eré kan tó máa bà jẹ́ níbẹ̀.