Wọ́n Dín Orí Ìyá Sikírà Kù

(Ní ìkóríta kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìyá Sikírà ń din àkàrà, búrẹ́dì sì tò jọ sórí tábìlì rẹ̀. Kọ́lá, ọmọṣẹ́ télọ̀ tí ó máa ń fi gbogbo àsìkò ìsinmi rẹ̀ ya àwòrán, jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní òdìkejì. Ó na pẹ́ńsù síwájú, ó sì di ojú kan.)

ÌYÁ SIKÍRÀ: Kọ́lá, kí ni ó dé tí o fi ń ṣẹ́jú sí mi láti àárọ̀, èmi tí mo bá ìyá rẹ ṣe ìkómọ rẹ?

KỌ́LÁ: Ẹ má bínú, mà, ìwọ̀n yín ni mo ń mú. Bí a bá na pẹ́ńsù, tí a di ojú kan, tí a sì fi àtàǹpàkò sàmì sí ibi tí orí ẹni tí à ń yà parí sí, a ó lè mọ iye orí tí ó wà nínú gíga rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

ÌYÁ SIKÍRÀ: Iye orí? Orí kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, òun náà ni mo sì fi ń ru ẹ̀wà lílọ̀. Kí ni ó tilẹ̀ dé tí ó fi jẹ́ èmi?

KỌ́LÁ: Ewúrẹ́ yín ni mo kọ́kọ́ ń yà, mà, ṣùgbọ́n ó jí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ ó bu ẹ̀wà, ẹ ó rọra yọ́ ọ sínú epo gbígbóná, ẹ ó tún padà sídìí abọ́. Ohun tí ojú mi kò bá rí mú lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ yín yóò tún gbé e padà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní èédú kan tí ó ti kú, nítorí pé pẹ́ńsù 2B tí mo ní kò dúdú tó fún òjìji, 6B tí ó rọ̀ tí ó sì dúdú jù ú lọ sì ti tán. Ẹ fi búrẹ́dì kan kún un.

ÌYÁ SIKÍRÀ: Èyí tí o gbà lánàá ńkọ́? Sikírà ní o kò fi kan ẹnu.

KỌ́LÁ: N kì í jẹ ẹ́, mà. Inú rẹ̀ ni mo máa ń yọ, tí mo máa ń lọ́ rógódó, tí mo sì fi ń tẹ èédú tí kò bá wù mí lórí ìwé títí yóò fi ṣí kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ayàwòrán òyìnbó ṣe ń ṣe kí írésà onírọ́bà tó dé ọjà ní nǹkan bí 1770. Bọ́tà máa ń ba ìwé jẹ́, ìdí nìyí tí tiyín fi dára jù ní àdúgbò yìí: kò sí bọ́tà nínú rẹ̀ rárá.

ÌYÁ SIKÍRÀ: (Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.) Rọra sọ̀rọ̀! O kò rí “Búrẹ́dì Oníbọ́tà” tí mo kọ sára àpótí ni? Gbé ìwé yẹn wá. Yéè! Ta ni ó dín orí mi kù báyìí?

KỌ́LÁ: Gíga àgbàlagbà máa ń tó nǹkan bí orí méje àbọ̀, mà.

ÌYÁ SIKÍRÀ: Ìbejì ni ìyá mi àgbà bí, mo sì mọ ère tí wọ́n gbẹ́ fún wọn: orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara. Agbẹ́gilére mọ̀ pé orí ni olórí, ìwọ ọmọṣẹ́ télọ̀ ni o wá ń gé tèmi bí ẹni gé ṣòkòtò.

KỌ́LÁ: Ẹ gbọ́ ná, mà. Àìná Onabolu, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí ní 1882, àwòrán inú ìwé ni ó ń wò yà títí ó fi mọ̀ ọ́n, kò sì tíì dé London láti kọ́ṣẹ́ nígbà tí ó ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906.

ÌYÁ SIKÍRÀ: Ṣé ìyáàfin yẹn ń tà á ní búrẹ́dì láwìn?

KỌ́LÁ: Ìtàn kò sọ ọ́, mà.

ÌYÁ SIKÍRÀ: Èmi ń tà ọ́. Fi kún orí mi.

KỌ́LÁ: N ó ní láti kọ́kọ́ pa á rẹ́, mà. Ẹ bá mi fi búrẹ́dì kan sí i.

ÌYÁ SIKÍRÀ: Láwìn! Ó dára, iṣẹ́ ti dé. Gbogbo àwọn tí ó jẹ mí ní gbèsè ní òpópónà yìí ni kí o yà, kí n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí ó sún mọ́ ọ jù.

KỌ́LÁ: Ta ni ìyẹn, mà?

ÌYÁ SIKÍRÀ: Sikírà, mú dígí wá fún ayàwòrán! Èyí tí o fẹ́ yà yìí, dín orí rẹ̀ kù dé ibi tí ó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n kọ owó búrẹ́dì mẹ́rin sí abẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà.