Iye Tí Ẹ Fọwọ́ Ara Yín Kọ Ni Mo Fẹ́ San

Inú ń bí mi. Mo ní kí n fi oorun pa á rẹ́, oorun ò gbà. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ nítorí ọ̀kadà tuntun kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú Àkúrẹ́ yìí. Owó wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní kí wọ́n tà á fún mi láwìn, mi ò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dín kọ́bọ̀ kù. Síbẹ̀ wọn ò tà á fún mi ní iye tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ sí i lára.

Kòkó ni mò ń rà. Apá Ìdànrè ni ọjà mi ti ń wá, láti inú àwọn oko tí mọ́tò ò lè dé, pàápàá bí òjò bá ti rọ̀. Ọ̀kadà ló ń bá wa kó àpò jáde sí títì. Ti tẹ́lẹ̀ ti gbó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu ọ́ìlì lójoojúmọ́, ìyẹn ni mo ṣe ń sanwó fún ọlọ́kadà ọlọ́kadà lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Èrè tí ǹ bá kó wálé, ojú ọ̀nà ló ń tán sí.

Gbogbo ẹni tó wà nídìí kòkó ló rántí 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Owó wọ ọwọ́ àgbẹ̀. Inú mi dùn sí i, wọ́n ti jìyà tó. Ọ̀kadà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo mọ̀ kọ́kọ́ sáré rà. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń tà á ti rí i pé ojú ń kán wa, pé bí wọ́n bá gbé mẹ́rin síta láàárọ̀, èèyàn mẹ́wàá ni yóò béèrè kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n wá fi ìnáwó wa ṣe oúnjẹ.

Níjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù náà, pupa kan ló wù mí. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ páálí pélébé kan mọ́ iná iwájú rẹ̀, wọ́n fi bírò pupa kọ ₦1,450,000 síbẹ̀, wọ́n tún fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì kó lè hàn dáadáa. Ọ̀rá ṣì wà lórí àga rẹ̀. Mo fọwọ́ tẹ àga náà wò, èékánná mi bá dá ọ̀rá lu lápá òsì, ihò tí kò ju ẹyọ àgbàdo lọ. Mo bẹ ọmọkùnrin tó dúró níbẹ̀ pé kó má bínú.

Ó ní, "Mọ́mì, kò séwu rárá. Ṣebí tiyín náà ni."

Mo san ₦300,000 àsansílẹ̀. Wọ́n já rìsíìtì fún mi, wọ́n ní kí n mú ìyókù wá ní Ọjọ́bọ̀, kí n sì máa gbé e lọ. Ọjọ́bọ̀ pé, aago mẹ́wàá àárọ̀ ò tíì lù tí mo ti dé. Mánéjà jáde, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́.

"Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú o, ọjà ti lọ sókè. ₦1,720,000 ni báyìí."

Mo nawọ́ sí iná iwájú. Páálí náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ta ló kọ èyí?"

"Àwa ni mà. Ṣùgbọ́n iye kọ́ńpìnì nìyẹn. Àwọn èèyàn ń wá a gan-an ni, kì í pẹ́ lọ́wọ́ wa."

Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe sọ ọ́? Kò ní dọ́là ló wọ́n. Kò ní owó ọkọ̀ láti Èkó ló fò. Ọ̀kadà kan náà, lójú kan náà, láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ₦270,000 gun orí rẹ̀ nítorí pé èmi àti ẹlòmíì jọ fẹ́ ẹ. Iye tí kọ́ńpìnì là sílẹ̀ yẹn, èrè ẹni tó ń tà á ti wà nínú rẹ̀. Èwo ni èyí tí a tún ń san lé e?

Kò tíì tán o. Ó mú bébà jáde. Akoto méjì, dandan. Áláámù, dandan, fún ọ̀kadà tó ń lọ sínú oko. Nọ́ḿbà, ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbọ́dọ̀ ti gbà á. Lẹ́yìn náà ó kọ ₦25,000 "owó ìsopọ̀". Owó pé wọ́n tú u láti inú páálí, wọ́n so ó pọ̀. Ọ̀kadà tí mo bá lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tó ti dúró síta látìjọ́ tí mo ti rí i! Mo ní mi ò fẹ́ áláámù, mo ní akoto wà nílé. Ó ní bí mi ò bá ra gbogbo ẹ̀ pọ̀, òun ò lè tà á.

Èmi náà ń tajà, ohun tó jẹ́ kó ká mi lára tó báyìí nìyẹn. Lọ́dún tí kòkó ń fò yẹn, mo bá bàbá kan sọ̀rọ̀ àpò mẹ́fà lálẹ́ Sátidé. Kò sí ìwé láàárín wa, kò sí ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ lọ́jọ́ Ajé, owó ti gbẹ́sẹ̀ sókè. Bàbá yẹn lè ní òun ò tà mọ́, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ó kó àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde ní iye tí a jọ sọ. Nígbà tí kòkó tún wá já wálẹ̀ ní 2025, tó jẹ́ pé èmi ni mo ti ṣèlérí owó gọbọi, mo san án bí mo ṣe sọ ọ́. Mo pàdánù, mo gbé e mì. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn o. Àwọn èyí, bírò ni wọ́n fi kọ tiwọn, wọ́n sì já rìsíìtì lé e lórí.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọjà, "Nàìjíríà nìyẹn, san án kó o máa lọ" ni wọ́n ń sọ. Ẹ yéé sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Chevrolet Corvette ti 2020, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sẹ́yìn awakọ̀, ló fowó pamọ́ fún nígbà yẹn. Kọ́ńpìnì ti kéde pé kò ní tó 60,000 dọ́là. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, wọ́n ní àfi kó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lé e, torí pé àwọn tó ń wá a pọ̀. Láti 1958 ni òfin wọn ti ní kí wọ́n lẹ iye owó mọ́ gíláàsì ọkọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n àbá lásán ni iye yẹn, ẹni tó ń tà á lè pè é ní ohun tó wù ú. Ìwọra ni, kò mọ orílẹ̀-èdè.

Òfin tiwa tilẹ̀ le ju tiwọn lọ. Ọmọ mi tó ń kọ́ òfin ní Àkùngbá ló fi hàn mí lórí fóònù: òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀, abala 115. Ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye owó hàn, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gba ohun tó ju iye tí wọ́n fi hàn lọ lọ́wọ́ oníbàárà. Mo gbé e lọ bá mánéjà ní Sátidé. Ó kà á, ó ní òun ti gbọ́ mà. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kò sí páálí kankan lára ọ̀kadà kankan mọ́. Pupa náà ò sì sí níta. Wọ́n ní inú sítọ̀ ló wà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dúró ní ibi tí wọ́n ń pè ní NEPA láàárín ìlú, mò ń wá ọkọ̀. Ọ̀kadà pupa kan yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀rá ṣì wà lórí àga. Mo wo apá òsì. Ihò èékánná mi ló wà níbẹ̀.

Mo rọra kí ọmọkùnrin tó gùn ún, mo béèrè iye tó rà á. Ó ní, "Mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin, mà. Gbèsè ni mo jẹ." Mi ò bínú sí i. Òun náà ń wá bó ṣe máa jẹun ni.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ní kí n wá gba àsansílẹ̀ mi padà, ṣùgbọ́n àwọn máa yọ ₦30,000 nínú rẹ̀. Mi ò gbà. Rìsíìtì náà ló wà níwájú mi yìí, lórí bébà tó ní orúkọ wọn, ọwọ́ wọn ló sì kọ ọ́: iye ọjà ₦1,450,000, àsansílẹ̀ ₦300,000, ìyókù ₦1,150,000. Ìyókù náà wà nínú báàgì mi. Èmi àti ọmọ mi ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a ò sì ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn láìgba ọ̀kadà.