Secure Boot kì í lé fáírọ́ọ̀sì

“Secure Boot wà ní títàn lórí kọ̀ǹpútà mi, fáírọ́ọ̀sì kankan ò lè wọ̀ ọ́.” Irọ́ ni. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lásán ni Secure Boot, ètò tó ń yẹ fáìlì wò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn. Ìwé ló ń yẹ̀ wò, kò mọ inú. Fáírọ́ọ̀sì tó bá sì bá ímeèlì wọlé lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà ti tàn tán, kò kàn án rárá.

Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì, kí Windows tàbí Linux tó jí, UEFI, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, tó wà lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀, á mú fáìlì tó fẹ́ gbé e dìde, á wo ìbuwọ́lùwé ara rẹ̀. Àkọsílẹ̀ méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: db ni ti àwọn tó fọkàn tán, dbx ni ti àwọn tí wọ́n ti lé. Bí ẹnikẹ́ni bá yí lẹ́tà kan péré padà nínú fáìlì náà, ìbuwọ́lùwé ò ní bá a mu mọ́. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ẹni tó fọwọ́ sí fáìlì ni ìbuwọ́lùwé ń sọ, kò sọ pé fáìlì ò ní àléébù.

Ibẹ̀ gan-an ni fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ BlackLotus gbà wọlé. Lọ́dún 2023, àwọn olùwádìí ESET, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 11 tí Secure Boot wà ní títàn, tí wọ́n sì ti ṣe gbogbo àtúnṣe sí. Kò jí kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni o! Fáìlì àtijọ́ Microsoft fúnra rẹ̀, tó ní àléébù, ló gbé dání wá. Oṣù kìíní 2022 ni wọ́n ti tún àléébù náà ṣe, ṣùgbọ́n fáìlì àtijọ́ ò tíì sí nínú dbx nígbà náà. Kò rọrùn láti lé e náà, torí àwọn fúláàṣì tí wọ́n ti fi ń gbé Windows sórí kọ̀ǹpútà tipẹ́ ò ní tàn mọ́.

Àléébù mìíràn tí wọ́n ń pè ní PKfail ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2024, Binarly, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà mìíràn, rí i pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló jáde sọ́jà pẹ̀lú PK, kọ́kọ́rọ́ àgbà, tí AMI, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe UEFI, ṣe fún ìdánwò lásán. Wọ́n kọ “DO NOT TRUST” sí i lára gàdàgbà, ìyẹn ni pé ẹ má fọkàn tán an! Lórí Linux, bí ẹ bá ní efitools, ẹ tẹ efi-readvar -v PK. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá yọjú, ẹ lọ wo ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín, bóyá wọ́n ti gbé firmware tuntun (ètò inú bọ́ọ̀dù, bíi UEFI) jáde.