Ìkéde Lincoln: kí la fẹ́ sọ fáwọn ọmọ wa?

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ní kíláàsì tí mò ń ṣe fáwọn ọmọ wa ní Sátidé, mo sọ pé Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, fọwọ́ sí ìkéde tó dá àwọn ẹrú Amẹ́ríkà sílẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù Kìíní 1863, nígbà tí ogun abẹ́lé wọn ń lọ lọ́wọ́. Òbí kan ní irọ́ ni mò ń kọ́ wọn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Òbí yẹn ò jayò pa, mà. Àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba jà nìkan ni ìkéde yẹn bá wí. Kentucky, Missouri, Maryland àti Delaware ò bá ìjọba jà, torí náà kò gba ẹrú kankan kúrò lọ́wọ́ wọn. Kí ló dé tá a fi máa fi ìyẹn pamọ́ fọ́mọdé?

Tíṣà Àgbà: Rọra, ọmọ mi. Ìwé yẹn kan náà ló ní kí wọ́n gba adúláwọ̀ síṣẹ́ ológun. Nǹkan bí 180,000 ló wọṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ kógun tó parí. Ẹni tí wọ́n ń tà lọ́jà bí ewúrẹ́ wá ń gbé ìbọn! Ìyẹn ló yẹ kọ́mọdé kọ́kọ́ gbọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Mo gbà, sà. Àmọ́ wọn ò dúró de Lincoln. Láti oṣù Karùn-ún 1861 ni ọkùnrin mẹ́ta tó jẹ́ ẹrú ti wọ ọkọ̀ ojú omi lóru, tí wọ́n sá lọ sí Fort Monroe, odi àwọn ọmọ ogun ìjọba ní Virginia. Ọ̀gá ṣọ́jà ibẹ̀ kọ̀, kò dá wọn padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló tẹ̀ lé wọn.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ sọ ti Kossola fún wọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis. Ọmọ wa ni, láti ilẹ̀ Benin òde òní. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló kó o, ọkọ̀ Clotilda sì gbé e dé Mobile, Alabama, lọ́dún 1860. Ìkéde yẹn kan Alabama, síbẹ̀ oṣù Kẹrin 1865 ló tó gbọ́. Àwọn ṣọ́jà ń ká èso jẹ lórí igi létí odò, wọ́n sọ fún un pé ó ti dòmìnira. Ó bi wọ́n pé níbo ni káwọn wá lọ. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀.

Ìyá Ìbejì, Houston: Omi bọ́ lójú mi. Galveston nìyí nítòsí wa, 19 oṣù Kẹfà 1865 ni wọ́n tó kéde òmìnira àwọn ẹrú níbẹ̀. Màá kó àwọn ọmọ lọ wo ibẹ̀.

Tíṣà Àgbà: Ó dáa, ìyá. Ẹ má gbàgbé oṣù Kejìlá 1865 o, ìgbà yẹn ni àtúnṣe kẹtàlá sófin Amẹ́ríkà tó fòpin sí oko ẹrú ní Kentucky àti Delaware.