Jordan wà níbẹ̀ ní 1995
Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìgbà tí Michael Jordan, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, kò sí níbẹ̀ nìkan ni Hakeem Olajuwon gba ife-ẹ̀yẹ NBA (líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà) rẹ̀ méjèèjì, ẹ rọra. Ti 1994, òótọ́ ni, Jordan ti lọ gbá baseball. Ṣùgbọ́n oṣù kẹta 1995 ló padà sí ẹgbẹ́ rẹ̀, Chicago Bulls, Orlando Magic ló sì já wọn kí wọ́n tó dé àṣekágbá. Orlando yìí kan náà ni Houston Rockets ti Olajuwon nà ní 4-0! Ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti lé San Antonio Spurs lọ sílé, tòun ti David Robinson tí wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní sáà yẹn. Ta ló tún kù tí ì bá nà?