Àtúnṣe: Kì í ṣe dọ́là 7,000 ló gbé El Mariachi dé sinimá

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn tó fẹ́ máa dá fíìmù ṣe: pé dọ́là 7,000 péré ni olùdarí fíìmù Robert Rodriguez fi ṣe fíìmù El Mariachi tí wọ́n wò ní sinimá lọ́dún 1993. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò pé.

Nǹkan bíi 7,000 ló fi yà á ní Ciudad Acuña, ní Mẹ́síkò. Apá kan owó náà jẹ́ èyí tó gbà nígbà tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìdánwò oògùn. Kámẹ́rà tó tọrọ lò kò bá wọn gba ohùn. Bí wọ́n bá ti ya ìran kan tán, àwọn òṣèré á tún ọ̀rọ̀ wọn sọ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, òun á wá fọwọ́ ara rẹ̀ so ohùn mọ́ ẹnu. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ!

Ṣùgbọ́n kó tó di pé ó wọ sinimá, ilé-iṣẹ́ fíìmù Columbia Pictures ti ná ìlọ́po-ìlọ́po owó yẹn: wọ́n gbé e láti orí fíìmù tín-ín-rín (16mm) sí orí èyí tó fẹ̀ (35mm) tí sinimá ń lò nígbà náà, wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe, wọ́n sì polówó rẹ̀.

Wọ́n tún ní òru ọjọ́ kan ni Rodriguez di olókìkí. Irọ́ ni. Bedhead, fíìmù kékeré tó ṣe lọ́dún 1991, ti gba ẹ̀bun ṣáájú.